Àgbádárìgì: Ìlú Etí Ọ̀sà tí Ẹrú Gbà Jáde, tí Ìwé Gbà Wọlé

Ẹni tó bá gbéra ní Orin-Èkìtì, tó gba Ìdó àti Adó kọjá títí tó fi dé Èkó, ìrìn rẹ̀ kò tíì tán. Ó ní láti tún wọkọ̀ gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kí ó tó dé Àgbádárìgì, ìlú àwọn Ègùn, tó tẹ́ sí etí ọ̀sà. Ọ̀sà yìí ló so Èkó pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́. Òun ló sọ ìlú náà di ọjà.

Ṣùgbọ́n irú ọjà wo? Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ná. Fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ènìyàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìbọn, ọtí àti aṣọ ni òyìnbó fi ń rà wọ́n. Wọn a dè wọ́n ní ṣẹkẹṣẹkẹ̀, wọn a fi ọkọ̀ tù wọ́n sọdá ọ̀sà, wọn a sì rin yanrìn Gbẹ̀rẹ̀fù dé etí òkun. Ẹni tó bá débẹ̀ kì í padà mọ́. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ náà ṣì wà nílé àwọn Mobee fún ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i.

Ojú ọ̀nà kan náà ni ìwé gbà wọlé. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀. Ní Dèsẹ́ńbà, Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé. Abẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n òkúta ìrántí wà níbẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, ṣì dúró síbẹ̀.

Ọdún 1845 yìí náà ni Samuel Àjàyí Crowther dé ìlú náà. Wọ́n kó ọmọ Òṣogùn yìí lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Òun ló wá di aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹni tí wọ́n tà bí ẹrù ló ṣíwájú wa nínú ìwé Yorùbá kíkọ.

Èkìtì kò ní ọ̀sà, ṣùgbọ́n ogun kó àwọn ọmọ tiwa náà lẹ́rú. Àwọn ará Àgbádárìgì kò wó ilé àtijọ́ wọn, wọn kò sì sọ ṣẹkẹṣẹkẹ̀ nù nítorí ìtìjú; ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń wá láti ìdálẹ̀. Àwa ńkọ́, tí à ń wó ilé baba wa kọ́ ti sìmẹ́ńtì, tí àwọn àgbà sì ń kú pẹ̀lú ìtàn lẹ́nu? Ẹ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ wo Àgbádárìgì. Bí ẹ bá sì dé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí ẹ mú gègé. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.