Owó Omi ní Las Palmas

Ọdún 1970 ni, à ń ti Liverpool bọ̀ wálé nínú Aureol, ọkọ̀ tí Elder Dempster fi ń ná Èkó láti 1951. Ó dúró ní Las Palmas, ìlú kan ní erékùṣù àwọn Sípéènì. Wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, ká ṣáà padà kí agogo márùn-ún tó lù.

Èbúté wà ní ìlà-oòrùn, etí òkun Las Canteras wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Yanrìn ibẹ̀ gùn tó bíi máìlì méjì, ọ̀fẹ́ sì ni. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní ká sanwó ọjọ́ kan, ká fi lo àga, ibòji àti ilé ìwẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, a ó tún sanwó kí a tó wẹ òkun? Owó ọwọ́ wa yìí, ti kọ́sítọ́ọ̀mù Àpápá ni o!"

Ẹ gbọ́, ọmọ Igbó-Ọrà ni mí. Bí èèyàn bá wẹ̀ nínú odò Ògùn, ó ti mọ́ nìyẹn. Tòkun kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá gbẹ, iyọ̀ a kù lára, a sì máa yún ọmọ bíi wèrèpè. Ìbejì ọlọ́dún mẹ́rin ni mo sì kó lọ́wọ́ (ẹ ṣáà mọ ìlú mi). Èmi kò wá àga. Omi tí kò níyọ̀ ni mo fẹ́ rà. Mo san án nínú owó tí mo fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ pa. N kò fọwọ́ kan ti Àpápá.

Àpáta gígùn kan wà nínú òkun níbẹ̀, La Barra ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣẹ́ ìgbì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Táyé àti Kẹ́hìndé ṣeré títí ọwọ́ wọn fi hunjọ.

Nígbà tó tó àkókò, mo ṣan àwọn ọmọ, mo ṣan ara mi. Bàbá Ìbejì ló wọlé kẹ́yìn. A dúró, a dúró. Ó ń kọrin nínú ibẹ̀.