Ẹ Gbin Ọgbọ́ Sí Ẹ̀yìnkùlé Yín



Ọ̀rọ̀ ewé ọgbọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. A ń gbo ó sómi ẹ̀rọ̀, a fi ń wẹ ikin, a fi ń wẹ orí ọmọ awo titun. Nínú orúkọ rẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń gbọ́ "gbọ́", pé kí òrìṣà gbọ́ ohun tá a bá wí. Ṣùgbọ́n níhà Àkànrán, ní Ìbàdàn tí mò ń gbé, igbó tá a ti ń já a ò sí mọ́. Katakata ti wọ ibẹ̀, wọ́n ti pín in ní pulọ́ọ̀tì. Ọjà là ń lọ báyìí, ẹlòmíì á sì di ewé mìíràn fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé ewé àdìmọ́ la fẹ́ fi tẹ ọmọ ọlọ́mọ nífá?

Ìtàkùn ni ọgbọ́, ó ń lọ́ mọ́ igi. Méjì-méjì lewé rẹ̀ ń yọ, ọ̀kan dojú kọ èkejì, ó ń dán. Tẹ́ ẹ bá já a, oje funfun á jáde bíi wàrà. Òdòdó rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ pupa ṣókùnkùn. Èso rẹ̀ ń so bí ìbejì, ó le bí igi. Tó bá gbẹ, á là, òwú tó ń dán á gbé hóró rẹ̀ fò lọ. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá, torí inú ọbẹ̀ ló máa ń balẹ̀ sí.

Ẹ lè gbin hóró, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn ká gé ìtàkùn. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ gé èyí tó ti gbó díẹ̀, kó gùn tó igbọ̀nwọ́ kan, kó ní oríkèé mẹ́ta. Ẹ fi sí ibòji kí oje gbẹ lẹ́nu ibi tẹ́ ẹ gé. Ẹ wá ri oríkèé méjì mọ́lẹ̀, kí ọ̀kan ṣẹ́ kù lókè. Ẹ má yí i sódì o. Ilẹ̀ tó lọ́ràá ló fẹ́. Tómi bá dúró sí ìdí rẹ̀, á rà. Ẹ má sì fi ọwọ́ oje nu ojú.

Kí ló máa gùn? Ọparun á jẹrà. Èmi ri pérégún mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n yè, òun ló ń gùn lọ. Ẹ má jẹ́ kó dé ìdí ọsàn yín, á bò ó. Tó bá ti gbilẹ̀, ẹ máa já ewé, ẹ má fa ìtàkùn tu.

Akápò mi kan ní, "Bàbá, ṣé ewé tá a gbìn máa láṣẹ bíi ti igbó?" Mo ní pérégún ńkọ́? Akòko tí a fi ń joyè ńkọ́? Àwọn bàbá wa ló gbìn wọ́n sílé. Ẹ tún wo àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil. Nínú ilé Candomblé, ọgbọ́ wà nínú ọgbà wọn, "ogbó" náà ni wọ́n sì ń pè é dòní. Bí Ọ̀sanyìn bá ń dá wọn lóhùn lọ́hùn-ún, á dá wa lóhùn níbí. Àmọ́ ẹ tọrọ kẹ́ ẹ tó já a. Pé ó wà lẹ́yìnkùlé ò sọ ọ́ di ẹ̀fọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó ń sè é mu ṣáá pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Àwọn àgbà ń lò ó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé yìí kan náà làwọn ọdẹ ń fi sóró ọfà. Ọkàn ló ń mú. Aláboyún, ọmọdé, ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọsibítù, ẹ má fún wọn mu. Ẹni tí kò kọ́ ọ, wíwẹ̀ ni kó fi mọ.

Mo ti ri bí ogún sínú ọ̀rá nílé mi. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá mú ọ̀kan lọ́jọ́ Ifá, kó mú obì dání fún Ọ̀sanyìn.