Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́

Ó yẹ kí n ti kọ èyí láti oṣù tó kọjá, ìtìjú ni kò jẹ́. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Dírẹ́bà mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà jíjìn ti ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ mọ Sienna ìjọ wa, èyí tó máa ń kó àwọn àgbà láti Adó-Èkìtì lọ sí ìpàdé oṣooṣù ní Iléṣà. V6 ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìkórè tó kọjá ni iná check engine tàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀lẹ. Òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó máa ń gùn bí ẹni tí kò rí òkè, ó wá di pé ó ń fà tìkọ̀ tìkọ̀ bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Epo náà kò tó mọ́. Lítà 25 tó máa ń gbé wa lọ, tó sì ń gbé wa bọ̀, ó di 30, ó di 32.

A gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ó ki skánà bọ̀ ọ́, ó rí P0328, ó ní, "Knock sensor ti kú, sà." Ó ní ká kúkú ra méjì, torí pé méjì ló wà nínú V6, abẹ́ intake manifold ni méjèèjì wà, iṣẹ́ ńlá sì ni ṣíṣí ibẹ̀. A ra á. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Iná náà kú, a dúpẹ́. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìsinmi, iná ti tàn padà, P0328 kan náà. Mẹkáníìkì ní ayédèrú ni sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n tà fún wa, ká lọ ra òmíràn. Ìgbìmọ̀ ìnáwó ní rárá o.

Ibẹ̀ ni èmi ti ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Mo ní nínú ọkàn mi pé, wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, epo ṣì ń lọ, àbí ẹnì kan ń bù ú ni? Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́. Bàbá Dírẹ́bà ju mi lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Wọ́n ti ń wa ọkọ̀ fún wa láti ìgbà tí a ṣì ń jọ́sìn lábẹ́ páànù. Mo pè wọ́n sí ọ́fíìsì. Mi ò pè wọ́n ní olè o, ẹnu mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ mi ná, kí ẹ sinmi díẹ̀." Wọ́n wò mí. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, Pásítọ̀," wọ́n sì jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìyàwó wọn kò kí ìyàwó mi mọ́. Ẹ sì wá wò ó, oṣù yẹn gan-an ni mò ń kọ́ ìjọ ní Òwe 18:13 níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ lọ kà á fúnra yín.

Réwáyà kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, ló wá tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Mo kàn ní kó bá mi wo Sienna. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò ṣí nǹkan kan. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló fọwọ́ kan án gbẹ̀yìn? Níbo lẹ máa ń gbé e sí? Kóòdù wo ló gbé wá, ṣé 0327 ni àbí 0328? Mo ní ṣé wọ́n yàtọ̀ ni. Ó ní, "Há, Dádì, wọ́n yàtọ̀ gan-an."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wa irú ọkọ̀ yìí. Nínú ẹ́ńjìnnì, iná plọ́ọ̀gì ló yẹ kó ran epo. Bí ooru bá pọ̀ jù, tàbí tí epo kò dára, apá kan epo náà á gbiná fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè ẹ ó máa gbọ́ ọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní knock, ó sì lè ba pístìnì jẹ́. Knock sensor ni etí tó ń gbọ́ ọ. Wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí irin bá ti gbọ̀n, á sọ gbígbọ̀n náà di iná mànàmáná tín-ínrín, wáyà á gbé e lọ sí brain box. Brain box á wá jẹ́ kí iná plọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn, títí ariwo náà á fi dákẹ́.

Tí brain box kò bá wá gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ etí yìí mọ́ ńkọ́? Kì í dán ewu wò. Á kúkú fi iná plọ́ọ̀gì falẹ̀ gan-an ní gbogbo ìgbà, kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́. Agbára ọkọ̀ á wálẹ̀, epo á máa lọ. Nígbà tó sọ ibí yìí, ara mi tutù. Epo tí mo ní Bàbá ń bù, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kóòdù wá nìyí. P0328 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Ohun tó sọ ni pé iná tó wà lójú ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ apá kìíní ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú irú ọkọ̀ yìí, brain box máa ń rán nǹkan bíi fóòtì 5 sórí wáyà, sẹ́ńsọ̀ tó wà lópin rẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀. Bí wáyà bá já, kò sẹ́ni tó máa fà á wálẹ̀, á kọjá 4.5, P0328 nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wáyà náà ló bó tó sì kan irin ara ọkọ̀, á wálẹ̀ kọjá 0.5, ìyẹn ni P0327. Torí náà, kí ọmọ yìí tó dìde lórí àga ló ti ń fura sí wáyà tó já.

Ó béèrè sẹ́ńsọ̀ àtijọ́. Ó wà nínú búùtù, nínú ọ̀rá. Ó fi mítà kàn án. Ó ní èyí tó pẹlẹbẹ bí irú tiwa gbọ́dọ̀ wà láàárín kílò-ohm 120 sí 280 bí ara rẹ̀ bá tutù. Mítà kọ 190 àti díẹ̀. Mo ní kí nìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní, "Kò sóhun tó ṣe é, Dádì." Mo jókòó. Sẹ́ńsọ̀ tí a yọ dànù, tí a san owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì lé lórí, ara rẹ̀ le.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí ọwọ́ lè dé láìṣí intake. Ó yọ ọ́, ó wọn apá tó lọ sọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tuntun, òun náà dára. Ó ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì, ó wọn apá tó ń bọ̀ láti brain box. Òfo. Ó lọ wọn ẹnu brain box fúnra rẹ̀, fóòtì 5 pé síbẹ̀. Ó ní, "Ó ń jáde nílé, kò dé ọjà." Ló bá mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń tọ ipa wáyà lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìtẹ́ eku la bá lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Háhá àgbàdo, hóró àgbàdo, àti wáyà tí wọ́n ti jẹ já. Àgbàdo ìkórè ìjọ ni o! Ẹ̀gbẹ́ yàrá tí a kó o sí ni èmi fúnra mi ní kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí, kí oòrùn má bàa pa á. Mo wá rántí pé Bàbá Dírẹ́bà sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé, "Pásítọ̀, eku pọ̀ níbí o," tí mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò bú mẹkáníìkì o. Òun gba ohun tí skánà sọ gbọ́, èmi náà gba òun gbọ́. Réwáyà náà kò kàn lọ́ wáyà pọ̀ kó sì fi téèpù wé e. Ó ní iná inú rẹ̀ kéré débi pé wáyà kọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè dà á láàmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi okùn irin wé e láti ilé iṣẹ́. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ló wá, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ó so okùn irin náà padà. Gbogbo owó rẹ̀ kò tó ti sẹ́ńsọ̀ kan. Ó pa kóòdù rẹ́. A gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ń lọ bí i ti tẹ́lẹ̀. Epo ti padà sí lítà 25.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìjọ, mo sì dọ̀bálẹ̀. Bàbá fà mí dìde, wọ́n sọ sí mi létí pé, "Ó ku ìyá àwọn ọmọ mi o." A lọ bá wọn nílé nírọ̀lẹ́, èmi àti ìyàwó mi. Màmá gbé omi fún wa, wọ́n sì bá wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Mi ò lè kọ ohun tí wọ́n sọ síbí, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ níbẹ̀.

Bàbá ti gba kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹnu géètì ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí báyìí, wọn ò bi mí. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Wọ́n tún ra ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ gbogbo lítà epo sí, wọ́n á gbé e wá fún mi pé kí n buwọ́ lù ú. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀, pé kò pọn dandan. Wọn kì í dáhùn. Wọ́n á kàn na bírò sí mi.

Mo ń buwọ́ lù ú.