Ìkòkò Kọfí, Àmì Ohùn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ìwádìí Kọ̀ǹpútà ní Cambridge

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross, kò ní tó wákàtí kan tí ẹ ó fi dé Cambridge. Iwájú ilé ìjọsìn King's College ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ya fọ́tò àwọn ọmọ wọn, pẹ̀lú àdúrà lọ́kàn. Àmín o. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yín bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ẹ yà sí Corn Exchange Street, kò jìnnà sí ọjà àárín ìlú.

Ẹ má retí nǹkan ńlá. Òpópónà tóóró kan lásán ni. Àmọ́ àdúgbò yìí ni Maurice Wilkes àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣe EDSAC, kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1949. Nínú ìwé tí Wilkes kọ nípa ayé ara rẹ̀, ó ní orí àtẹ̀gùn lòún wà nígbà tó yé òun pé wíwá àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara òun lòún máa fi apá tó pọ̀ nínú ìyókù ayé òun ṣe. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ọmọbìnrin mi tí code ẹ̀ bá kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá àwọn ọ̀gá lẹni yẹn o.

Ibẹ̀ náà ni David Wheeler ti gba oyè dókítà ní 1951, oyè tí ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ rò ó wò: kò sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí tó lè fọ̀nà hàn án. Kò sí past paper.

Nínú ilé àtijọ́ yẹn ni ìkòkò kọfí olókìkí wà, ní yàrá tí wọ́n ń pè ní Trojan Room. Ìkòkò kan ṣoṣo ni àwọn olùwádìí ń pín mu. Ẹni tó jìnnà á gun àtẹ̀gùn títí, á sì bá a ní òfìfo. Ní 1991, wọ́n kọjú kámẹ́rà sí i kí oníkálùkù lè máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀. Nígbà tó di 1993, gbogbo ayé ti ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, 2001 ni wọ́n pa á, nígbà tí wọ́n ń kó lọ sílé tuntun. Àwọn èèyàn máa ń fi í ṣe ẹ̀rín, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè wo ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó jókòó tì í, kó béèrè pé kí la lè ṣe sí i, onítọ̀hún ti ń ṣèwádìí nìyẹn.

Ilé tuntun náà, William Gates Building, wà ní West Cambridge. Bọ́ọ̀sì ń débẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ kan la inú ilé náà já, The Street ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ọdún ìkẹyìn ló mú wa wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ ńlá kan ṣe, kó kọ ọ́ láì kọjá ọ̀rọ̀ 12,000. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá ló ti gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí a ó fi mọ̀ bóyá ó yọrí.

Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. Keshav, tó wá ń kọ́ni níbẹ̀ lẹ́yìn náà, dábàá ní 2007 pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni kéèyàn ka ìwé ìwádìí: ìṣẹ́jú 5 sí 10 lákọ̀ọ́kọ́, bíi wákàtí kan lẹ́ẹ̀kejì, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máa fi ọkàn tún iṣẹ́ náà ṣe bíi pé òun ló ni ín.

Àmì ohùn Yorùbá lọmọ náà yàn. Tí a bá tẹ "igba" sórí fóònù láìsí àmì, ṣé 200 ni, àbí igbá, àbí ìgbà, àbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká, kó dá àmì padà. Alábòójútó ẹ̀ ní kó kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà òmùgọ̀: kó sáà máa mú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Tí ọgbọ́n tuntun ò bá lè ju ti òmùgọ̀ lọ, kí la wá ń náwó iná lé lórí? Wọ́n tún ní kó ya gbólóhùn kan sọ́tọ̀ tí kọ̀ǹpútà ò gbọ́dọ̀ rí títí dópin, torí ọmọ tó ti rí ìbéèrè ìdánwò tẹ́lẹ̀, máàkì ẹ̀ kì í ṣe máàkì.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni bàbá ẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bọ̀dá mi máa ń pè é: "Ṣé o ti parí?" Nílé wa, ọmọ tó gbọ́n ni ọmọ tó ní ìdáhùn. Iṣẹ́ alẹ́ àti òtútù làwọn òbí wa fi ra ìdáhùn yẹn fún wa, mi ò lè bú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń rù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Daddy pé ìbéèrè gan-an ni mo ṣì ń tún ṣe."

Mo pe Bọ̀dá. Mi ò ṣàlàyé púpọ̀. Mo ní ọmọ náà nílò ẹni tó gbọ́ Yorùbá délẹ̀ láti fi àmì sí gbólóhùn 200. Èmi tí mo fi ìwé kọ́ ọ ò tó o ṣe. Ìbàdàn ni Bọ̀dá dàgbà sí. Wọ́n ti ń ṣe é lálaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n ṣì ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àríyànjiyàn ló kù níbẹ̀: gbólóhùn kan wà tí Bọ̀dá ní àmì méjèèjì ló tọ̀nà, ọmọ sì ní láti lọ bi alábòójútó ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún irú èyí ní máàkì.