Iyọ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì

Ọkọ̀ ojú omi tó ń ná St. George ní Staten Island sí Manhattan kì í sùn. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti fagi lé owó rẹ̀. Ọ̀fẹ́ là ń wọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú 25 la sì fi ń dé òdìkejì. Ilé mi kò jìnnà sí èbúté, mo máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ lóru, lásìkò tí ẹ̀rọ tèmi náà ń ṣiṣẹ́.

Iye èrò ọkọ̀ náà wà lára dátà tí ìlú New York ń gbé síta fún tẹrú-tọmọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2012 ti wí. Mo kọ kóòdù kékeré kan tó ń bu dátà yìí, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ń dà á sínú BigQuery, àká dátà kan lórí cloud. GitHub Actions, tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí a bá dá fún un, ni mo gbéṣẹ́ fún. Agogo mẹ́fà ni mo kọ sínú fáìlì rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé UTC, aago àgbáyé, ni aago tirẹ̀: agogo kan òru ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù, agogo méjì nígbà ooru. Kò burú, n kò kúkú ní jí wò ó. Kọ́kọ́rọ́ àká kò sí nínú kóòdù. Ìwé àṣẹ tuntun tí kì í tọ́jọ́ ni ẹ̀rọ ń gbà lóròòru, nítorí ẹni tó kọ kọ́kọ́rọ́ sínú kóòdù ti so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àmì pupa lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà tí mo kọ pé kó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi ló kọsẹ̀; dátà ti wọlé ṣáájú. N kò wò ó dé ibẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì pé kó tún iṣẹ́ ṣe, àmì di àwọ̀ ewé, mo gbé kọfí mi. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé èrò ti di ìlọ́po méjì, bí ẹni pé gbogbo Staten Island ló ń lọ ná ọjà kan náà.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ìyá mi bá rán mi lọ ra iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Màámi, iyọ̀ àárọ̀ ńkọ́?” Ẹ̀rọ kì í béèrè, àfi tí mo bá kọ ìbéèrè náà sí i lẹ́nu.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kó máa pa gbogbo ìlà tó bá jọra rẹ́. Èbúté ló dá mi dúró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àlejò kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó wá wo ère Òmìnira láti orí omi, bá wa sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jókòó padà sínú ọkọ̀ níbẹ̀. Dandan ni ká bọ́ sílẹ̀. Ó yípo nínú gbọ̀ngàn, ó sì tún tò wọlé. Ẹnì kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì yẹ kí wọ́n kà á. Bákan náà, ọjọ́ méjì lè kó iye èrò kan náà láìsí àṣìṣe níbẹ̀.

Mo wá fún ìlà kọ̀ọ̀kan lórúkọ: ọjọ́ àti èbúté. Àṣẹ MERGE ti BigQuery ni mo fi ń wo bóyá orúkọ náà ti wà nílẹ̀. Bó bá wà, tuntun á rọ́pò rẹ̀, bí kò bá sí, a ó fi kún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ tẹ bọ́tìnì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Iye èrò kò yí padà. Fèrè ọkọ̀ dún, mo pa iná.