Bí Mo Ṣe Dá Nìkan Lọ Ọdún Ọ̀ṣun

 

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀. Níbi tí èèyàn bá ti pé mẹ́ta, igun ilé ni n ó wà. Nígbà tí Ìyá wa wà láyé, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń sá sí tí a bá lọ Òṣogbo. Àwọn ni wọ́n ń bá wa kí gbogbo ayé. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọ̀ṣun pé ọdọọdún ni àwọn ó máa gbé oyin wá sódò. Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, Ìyá ti wọlẹ̀. Ó ku èmi nìkan tí yóò san ẹ̀jẹ́ náà.

Mo wọkọ̀ ní Ìwó Road n'Íbàdàn. Mo gbá ìgò oyin mọ́ àyà, mo kọjú sí fèrèsé títí a fi kọjá Gbọ̀ngán àti Ẹdẹ. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo rí èrò bí omi, tí ìlù ń dún lọ́tùn-ún lósì, ó ku díẹ̀ kí n pa dà sí gáréèjì.

Mo dúró sábẹ́ igi kan lọ́nà Igbó Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni Arugbá ti kọjá, igbá lórí, aṣọ bò ó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń tẹ̀ lé e. Mo ní, háà, ẹni tó dákẹ́ mà ni gbogbo ìlú ń wọ́ tẹ̀ lé yìí! Bí mo ṣe bọ́ sẹ́yìn wọn nìyẹn.

Nínú igbó, mo ń wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ. Austria ni ìyá náà ti wá, ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Mo rò ó pé òun náà ti jẹ́ àlejò rí níbẹ̀.

Létí odò, màmá kan tó wọ aṣọ funfun bi mí pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo kúnlẹ̀, mo na ìgò oyin sí wọn.

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá mi ni, mà. Wọ́n ti lọ."

Wọn ò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Wọ́n tọ́ oyin náà wò, wọ́n ní kí èmi náà tọ́ ọ wò, wọ́n wá ní, "Ó yá, dárúkọ ìyá ẹ kí odò gbọ́." Mo dárúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Mo tún un pè, ohùn mi là. Àwọn tó yí wa ká dáhùn: "Ore yèyé o!" Omi bọ́ lójú mi.

Mi ò mú kẹ́ẹ̀gì dání. Ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló fún mi ní ìgò, ó da ìdajì omi rẹ̀ sí i: "Ẹ gbà á, àǹtí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dákẹ́ bíi tèmi, tẹ́ ẹ bá ń dá lọ ọdún, ẹ mú nǹkan tẹ́ ẹ lè fún èèyàn dání. Ẹ sún mọ́ àgbà, kẹ́ ẹ sì kí wọn. Ìkúnlẹ̀ náà ọ̀rọ̀ ni.

Omi náà wà nídìí ojúbọ Ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ fi wẹ ọmọ, kó wá bù ú. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo tún ń lọ. Màmá yẹn ní àwọn ó máa retí mi.

Ore yèyé o!