Orúkọ Orí Ìdérí

Ìyá wa tí àwa mẹ́ta bá lọ tọ́jú ojú ní Bhopal, ní ilẹ̀ Íńdíà, ti ń ríran dáadáa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kí a tó padà, a dé òkè Sanchi tó wà nítòsí. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún ni àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń ṣàfihàn eegun Sariputta àti Moggallana, ọmọlẹ́yìn Buddha, níbẹ̀. A tò, a wò ó. Àwọn àlùfáà wọn súre fún wa, wọ́n so òwú funfun mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́. A ṣe àmín.

Ní 1851 ni Cunningham àti Maisey, ọmọ ogun òyìnbó, hú eegun wọn jáde ní agbègbè yìí. Wọ́n sì gbé e dé London. Ọpẹ́lọpẹ́ orúkọ tí a fín sí ìdérí àpótí òkúta, a mọ ẹni tí wọ́n í ṣe. Eegun náà kúrò ní London ní 1947, ó wọ Sanchi ní 1952.

Àwọn bàbá tiwa náà sùn sí àjò yìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àti ìlú olúkúlùkù sí ojú oórì rẹ̀, kí ọmọ tó bá wá a lọ́la lè rí i.